Bátìrì Inú Ọkọ̀ Òṣùpá

Láti ìgbà tí orúnkún ti dá Bàbá Mùsbáù jókòó sílé ni Kúbúrátù, ọmọ rẹ̀, ti gba ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Igbudu. Kí obìnrin náà tó lọ sọ́jà láràárọ̀, yóò kọ́kọ́ yà ní yàrá bàbá rẹ̀, yóò gbé Asiyah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìgò mílíìkì àti aṣọ ìpààrọ̀. Asiyah ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Ó gbọ́ Yorùbá bàbá àgbà rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ni ó fi ń dá a lóhùn, bíi gbogbo ọmọ inú àgbàlá náà. Láti ọjọ́ tí ìyàwó bàbá yìí ti kú, ọmọ yìí ni ó ń jí fún, òun àti àwọn ọkọ̀ òṣùpá rẹ̀.

Ọkọ̀ oníke kéékèèké ni wọ́n, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń ṣe ní àwòrán ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn la sánmà kọjá lọ sí òṣùpá. Ẹnì kan tí ń ta àlòkù ohun ìṣeré nítòsí ọjà ni ó kó wọn fún un nínú àpò kan, òmíràn ti kán lápá, òmíràn kò ní imú. Bàbá jókòó tì wọ́n, ó ń fi àtè lẹ̀ wọ́n, ó ń kùn wọ́n ní ọ̀dà. Nígbà tí ó yá, ó rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń tan iná sínú tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè sinmi mọ́.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ní láti là láìfọ́ ọ. Yóò tì í bọ omi gbígbóná títí àtè yóò fi dẹ̀, yóò wá fi abẹ tọ ojú ìlẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi là sí méjì bí ẹ̀pà. Abẹ́rẹ́ gbígbóná ni ó fi ń lu ihò fèrèsé. Ó ń kun inú rẹ̀ ní dúdú, kí iná má baà hàn lára ike. Àwọn gílóòbù tín-ń-tín tí ó tú lára iná Kérésì àlòkù ni ó ń tò sí ẹnu ihò, ó ń so wọ́n mọ́ wáyà tí kò nípọn ju irun lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, yóò ki bátìrì pẹlẹbẹ kan, tí ó rí bí owó wẹ́wẹ́, sí ikùn ọkọ̀, yóò sì pa á dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, wọ́n sì ti mú iná lọ. Bàbá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó tẹ́ ẹní, ó kó ohun èlò rẹ̀ sínú ọmọrí kan. Bátìrì méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì fún èyí tí yóò tẹ̀lé e. Asiyah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi apá ọkọ̀ kan gbálẹ̀. Bàbá di bátìrì àkọ́kọ́ mọ́ àyè rẹ̀, iná tàn, ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Bàbá wá dìde lọ mú àtè nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ó ti kẹ̀yìn, ó gbọ́ tí ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú padà, ó rí i tí ó jókòó jẹ́ẹ́ tí omi lé lójú rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló dé.

"Nothing," ni ọmọ náà wí.

Bàbá lẹ ọkọ̀ náà pọ̀, ó dì í mú títí àtè fi gan. Ìgbà tí ó nawọ́ sí bátìrì kejì ni kò rí i mọ́. Ó gbé ẹní sókè, ó gbọn aṣọ rẹ̀ wò, ó ya ẹnu ọmọ náà, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ó mì í sétí, nǹkan kan sì dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé inú ọkọ̀ ni ó já bọ́ sí nígbà tí òun ń pa á dé, pé ọwọ́ tí ń gbọ̀n ló fà á. Ó ṣàlùwàlá, ó kírun Àìlà.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìrun náà. Etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ, ó ń gbọ́ ikọ́ méjì yẹn léraléra bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú u. Nígbà tí ó sálámà tán, itọ́ ti rin àyà aṣọ Asiyah. Bàbá ní eyín ni ó ń yọ. Ó fún un ní mílíìkì, ọmọ náà yí orí kúrò. Ó ní inú rẹ̀ kún ni. Dámilọ́lá tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìlàjẹ kan, ń gbé yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó sì dé láti ibi iṣẹ́ òru. Bàbá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Tí ó bá kan ilẹ̀kùn náà, ọ̀rọ̀ yóò dé etí Kúbúrátù. Kúbúrátù ti sọ fún un rí pé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí kò dára nítòsí ọmọ, òun sì ti búra fún un pé ojú òun kò ní kúrò lára rẹ̀. Ó padà sí yàrá, ó tún mi ọkọ̀ náà sétí. Ó ṣì ń dún.

Òjò ti dá nígbà tí ọmọ náà béèrè omi. Bàbá fi ife sí i lẹ́nu. Ó mu díẹ̀, omi náà padà jáde láti ẹnu àti imú, ọmọ náà sì di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń sunkún tí ohùn kò fẹ́ jáde. Bàbá gbé ọmọ náà jókòó sórí ẹní. Ó gbé ọkọ̀ náà, kò rántí omi gbígbóná, kò rántí abẹ. Ó là á mọ́ simẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya, gílóòbù àti wáyà tú sílẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó ṣì wà ní ibi tí bàbá dì í mọ́. Ohun tí ó ń dún ni àfọ́kù ike kan tí ó kán lára ìdí ọkọ̀.

Kò kan ilẹ̀kùn Dámilọ́lá mọ́, ó kàn gbá a ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í lè yára gbé e dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ó ṣe débẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà jáde pẹ̀lú oorun lójú. Bàbá na bátìrì tí ó kù sí i, ó ní irú rẹ̀ ni ọmọ gbé mì. Oorun dá lójú nọ́ọ̀sì náà lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì," ni ó wí. "Ṣé ẹ ní oyin?"

Oyin wà nílé, èyí tí ẹbí wọn fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Dámilọ́lá gbé ìgò náà àti ṣíbí, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣàlàyé lójú ọ̀nà pé bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í jókòó lásán, pé bí ó bá há sọ́nà ọ̀fun, ń ṣe ni ó ń jó ẹran ara láti inú, pé oyin lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó ń fi ṣíbí tọ́ ọ sí ọmọ náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Omi ti gba ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ, awakọ̀ ń pariwo pé "Abeg, pikin dey die here," ọ̀rọ̀ náà sì gún bàbá lọ́kàn ju bí ó ti yẹ lọ. Dámilọ́lá ni ó pe Kúbúrátù lórí fóònù. Bàbá kò lè ṣe é.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò àyà ọmọ náà. Dókítà gbé e sójú iná, ó fi ìka han wọ́n: nǹkan róbótó funfun kan wà lókè àyà, ó sì ní etí méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí owó ẹyọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni Kúbúrátù wọlé bá wọn, gèlè ti já bọ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ọmọ rẹ̀.

Dókítà bèèrè ìgbà tí ọmọ náà gbé e mì. Bàbá ní kò tíì pẹ́. Dókítà náà wojú rẹ̀, ó ní kí ó rò ó dáadáa, nítorí bí ó bá ti pẹ́, ohun tí àwọn yóò bá nínú ọ̀fun yàtọ̀, ọ̀nà tí àwọn yóò sì gbà yọ ọ́ yàtọ̀. Bàbá ń wo Kúbúrátù, ó ń wo ilẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ni ó wí. "Kí n tó kírun Àìlà ni. Mo ti fura láti ìgbà náà."

Kúbúrátù yíjú sí i. "You know? Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó?"

"Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

Wọ́n gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn sì pa dé. Kúbúrátù jókòó sí ìkángun kan bẹ́ǹṣì, bàbá sí ìkángun kejì, Dámilọ́lá láàárín. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni bàbá ń gbójú sókè. Ó fẹ́ ṣe àdúà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń rí: kí Ọlọ́run má fi ẹ̀ṣẹ̀ òun jẹ ọmọ náà níyà. Wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́sálásí kan nítòsí, kò sì lè dìde.

Nígbà tí dókítà jáde, bátìrì náà wà nínú abọ́ kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di dúdú. Ó ní ọ̀fun ọmọ náà jó, ṣùgbọ́n kò lu jáde. Wọn yóò máa gba imú fún un lóúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù mélòó kan, nítorí ọ̀nà ọ̀fun tí ó jó lè fún mọ́ra bí ó bá ń san. Ó ní bí ó bá pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn ì bá máa sọ. Kúbúrátù bú sẹ́kún, ó sì dì mọ́ Dámilọ́lá. Bàbá jókòó sí ibi tí ó wà.

Asiyah padà sílé, ohùn rẹ̀ há fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì là á já. Kúbúrátù wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó ń gbé e wá, òun náà yóò sì jókòó tì wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ òjò. Wọn kì í sọ ti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, oníbàárà Kúbúrátù kan pè é láti ẹnu géètì, ó ní òun kò mọ ilé tí òun yóò wọ̀. Kúbúrátù dìde, ó wo ọmọ, ó wo gbogbo ilẹ̀ yàrá náà, ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí kò mú nǹkan kan. Ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mò ń bọ̀," ni ó wí níkẹyìn, ó sì jáde.

Bàbá gbé Asiyah sáàárín ẹní, níbi tí kò sí ohunkóhun. Ó jókòó síwájú rẹ̀, orúnkún kan orúnkún, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i, ó na ọwọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fà á. Bàbá kò ṣẹ́jú títí ó fi gbọ́ bàtà Kúbúrátù lórí àtẹ̀gùn.