Ìwé Godelieve Nínú Ìdì Tirẹ̀

Èmi Hedwig ni mo ya ìwé náà sọ́tọ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹlòmíràn.

Àwa mélòó kan wà ní ìlú Ghent ní Belgium níbí tí a máa ń di ètò kọ̀ǹpútà sínú ìdì fún àwọn tó ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Òfin wa ò le rárá: ohunkóhun tí ètò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí i, kó lọ wà nínú ìdì tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà kékeré má baà kún. Ètò ìràwọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, tó ń fi ojú ọ̀run han èèyàn, kò tóbi, àmọ́ ìwé ìlò rẹ̀ jù ú lọ fíìfíì nítorí àwòrán ìràwọ̀ inú rẹ̀. Ni mo bá yọ ìwé náà, mo dì í lọ́tọ̀, mo lọ mu kọfí mi. Bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń ṣí ìwé yẹn látinú ètò, orí burúkú mi ò jẹ́ kí n rántí ẹ̀.

Bàbá Odilon rántí ní tirẹ̀. Òun ló kọ ìwé náà, Godelieve ìyàwó rẹ̀ ló sì ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀, títí àìsàn fi gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí a ti sin ín, bàbá kò sì tíì dé ibojì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí lòun fẹ́ lọ wí? Dípò bẹ́ẹ̀, àràárọ̀ kó tó jẹun ló máa ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, kó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gba ìdì tuntun tí mo ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan.

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. "Hedwig, ta ló lé Godelieve jáde?"

"Bàbá, a ò lé wọn o! A kàn fún wọn ní ilé tiwọn ni."

"Ilé tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ṣé o tiẹ̀ dán an wò, àbí kọfí lo ń mu?"

Mo ní kó má bínú, àmọ́ bàbá ò gbà.

"Orí tuntun tí mo ń kọ lọ́wọ́ fún ìwé náà, mo ti pa á tì. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn."

Ẹlòmíràn wo? Kò sí! Bí bàbá bá jáwọ́, ìwé yẹn ti kú nìyẹn. Inú bí mi sí i, nítorí òfin wa dára. Inú bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún bọ́tìnnì náà ṣe, kó máa sọ orúkọ ìdì tí ìwé wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní in. Mo ra àkàrà òyìnbó oníwàràkàṣì tí bàbá fẹ́ràn, mo gbé e lọ sílé rẹ̀ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gba àkàrà, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ẹ wo ìwọ̀sí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ímeèlì kan wọlé láti Norway, látọ̀dọ̀ apẹja kan tó ń jẹ́ Torleif. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo sáré lọ bá bàbá. Òjò ló jẹ́ kó gbà mí wọlé. Mo kà á fún un ní ìdúró:

"Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ wa ti gbó, ètò ìràwọ̀ yín ò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ di ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, mo rí ìwé nìkan gbà. Bí a bá ń dúró de àwọ̀n, àwòrán yẹn la fi ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tó yà á ti dúró nínú òtútù rí, mo mọ̀. Orúkọ Godelieve ni mo rí lábẹ́ àwọn àwòrán náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí wọn."

Bàbá gba bébà náà, ó tún un kà fúnra rẹ̀.

"Orí òrùlé ilé yìí náà ló ti máa ń dúró yà wọ́n," ó ní. "Ìbọ̀wọ́ mi ló máa ń jí wọ̀. Ó ní tòun ò nípọn." Ó wò mí. "Ìwé nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn? Láìsí ètò?"

"Ìwé nìkan, Bàbá."

Omi ti ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Bàbá dìde, ó fa kóòtù rẹ̀ wọ̀.

"Orí tuntun náà wà lórí tábìlì. Má fọwọ́ kàn án o, mo ń bọ̀ wá parí ẹ̀."

"Nínú òjò yìí? Ibo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Godelieve," ó ní. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ká bá àwọn kí i."