Wọ́n Ní Láti Ilé Ni Egbò Ti Wá

Irọ́ pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ sínú fáìlì Ìyá Mansur ló kó mi nírìíra jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìyá náà sí wọ́ọ̀dù wa, nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú pé: "A yí aláìsàn padà. Awọ ara dá ṣáká." Ó dára. Ìlà kejì ńkọ́? Dítò, ìyẹn ni pé bákan náà ni. Ìkẹta? Dítò. Wákàtí méjì-méjì, ọjọ́ mọ́kàndínlógún, dítò, dítò, títí dé ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ni mo sì ń ka ìwé ọ̀hún o! Wọ́n ti yí ìyá oníyàá padà dé ọjọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ gbà mí.

Sìmbíátù lorúkọ mi. Yàrá fáìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Sekona, ní Ẹdẹ níbí. Mo máa ń yẹ ohun tí wọ́n kọ wò, màá fọwọ́ sí i, màá sì fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ibà ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀. Egbò ìdùbúlẹ̀, ìyẹn egbò tó ń mú ẹni tó sùn sójú kan tí wọn ò yí padà, ohun méjì ni mo gbọ́dọ̀ kọ nípa rẹ̀: bó ṣe jìn tó, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé láti ilé ni, àbí ọ̀dọ̀ wa?

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá Ìyá Mansur dùbúlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Fawziyah, ìyàwó Mansur, fi tọ́jú wọn nílé. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fi òrí pa wọ́n lára, ó ń yí wọn sọ́tùn-ún, ó ń yí wọn sósì. Ìgbà tí ikọ́ dé, tí wọn ò lè mí dáadáa mọ́, ni wọ́n gbé wọn wá bá wa. Mátíróònù ní kí Fawziyah máa lọ sílé, pé wákàtí kan péré lọ́sàn-án ni kó máa wá kí wọn, ìtọ́jú aláìsàn niṣẹ́ àwa. Iṣẹ́ àwa kẹ̀! Àwa tí à ń dítò!

Nígbà tí egbò fọ́ jáde, Kúlúsúmù, ẹ̀gbọ́n Mansur obìnrin, ti ìlú Awo dé ní Sátidé tó kọjá, ó da wọ́ọ̀dù rú. Mátíróònù ò bá a jiyàn rárá. Ó gbé fáìlì jáde, ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún un: "Aláìsàn gbé egbò wá láti ilé." Ó tán! Kúlúsúmù yíjú sí Fawziyah, ó ní ìyàwó yìí ló jẹ́ kí ìdí ìyá àwọn jẹrà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù ọmọ ọlọ́mọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mansur bu omi sẹ́nu. Wọ́n ní bó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, ẹbí á jókòó, wọn á sì dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo ń wí yìí, wọ́n fẹ́ gbé ìyá lọ sí Òṣogbo fún ìtọ́jú tó ju tiwa lọ, ni fáìlì fi dé ọ̀dọ̀ mi fún nọ́ńbà. Ojú ìwé àkọ́kọ́: egbò láti ilé. Ìkejì: awọ ara dá ṣáká, dítò. Ẹ wo àwọn aláìnítìjú! Wọ́n pààrọ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé gbogbo dítò tó tẹ̀lé e. Mo wo ìsàlẹ̀ kí n lè mọ ẹni tó fọwọ́ sí irú ìdọ̀tí yìí.

Èmi ni.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, tí èèyàn ti ń ṣe àlùwàlá, ni wọ́n máa ń kó ìwé rẹpẹtẹ wá bá mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, tí wọ́n kó ojú ìwé yìí mọ́ wọn, mo ti wé ìborùn tán, mò ń kánjú, mo kàn ń fọwọ́ sí i lọ ni. Ìrun ni mò ń sáré lọ kí, ẹ wá wo ohun tí mo fọwọ́ sí. Ara mi rí mi lára.

Mátíróònù yọjú. "Àǹtí Sìmbí, ẹ kọ 'láti ilé' síbẹ̀ jàre, ọkọ̀ ń dúró."

"Mátíróònù, egbò tó jìn dé eegun, níbo ló wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà wọ́n?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé òpùrọ́ ni yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín o! Ó ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé àti àwọn àna rẹ̀ ni, kò kàn wá.

"Òpùrọ́ ni mí," mo ní. Mo gbé fáìlì, mo jáde.

Àsìkò tí ará ilé ń wá kí aláìsàn ni. Kúlúsúmù jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Fawziyah dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyá mọ́. Mo kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Mo fi bírò kọ "ọ̀dọ̀ wa" síbẹ̀ lójú wọn, mo fọwọ́ sí i, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi náà ni mo fọwọ́ sí irọ́ àkọ́kọ́. Kúlúsúmù ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Fawziyah, a mà ti ṣẹ̀ ọ́ o!"

Fawziyah kọjú sí mi. "Mà, ṣé ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i?"

"Mi ò kà á."

"Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ti ń pè mí ní apànìyàn."

Fawziyah wọlé, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ wá bá mi di ẹsẹ̀ Màmá mú, kí n yí wọn."

Mo dì í mú. Ìyá kérora. Fawziyah ṣí báńdéèjì, òórùn náà sì gbá mi nímú. Ihò náà á gba ìkúùkù ọmọdé. Etí rẹ̀ dúdú, ọyún ń ṣàn nínú rẹ̀, mo sì rí eegun funfun. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fún egbò ní nọ́ńbà, mi ò fojú kan ọ̀kan rí. Mo yíjú sí ògiri.

"Ẹ má yíjú," Fawziyah ní. "Ẹ kà á."