Ohun Tí Lubabah Pè Ní Pajápajá

"Na ẹsẹ̀ náà dáadáa, má ká a," ni Ìyá Àgbà wí. Ó fi ọwọ́ tó kún fún òrí di ìka ẹsẹ̀ Lubabah mú, ó sì fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ wọn ní Igbein: omi gbígbóná, òrí, ẹsẹ̀ fífà. Lubabah gé etí ìbòrí rẹ̀ jẹ. Òun náà ló kúkú sọ pé pajápajá ni. Bí pajápajá bá sì di ẹsẹ̀ èèyàn, ńṣe ni wọ́n máa ń fà á títí yóò fi tú.

"Pajápajá wo ló ń pẹ́ tó báyìí?" ni ìyá ìyá rẹ̀ ń kùn. "Àfi bó bá ti bá ẹ ṣọ̀rẹ́."

Sátidé ni wọ́n fẹ́ mú àwọn ọ̀dọ́ tí yóò sáré fún ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́dún tó kọjá, ẹni mẹ́ta ni wọ́n mú nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Lubabah ló ṣe ìkẹrin. Bí èyí bá tún fò ó, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ọ̀dọ́ nìyẹn.

Kóòṣì Adépéjú, tó ń kọ́ Lubabah ní eré sísá, wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní òun wá wo ọmọ tí òun kò rí ní pápá láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní pajápajá ni. Ó ní kí Lubabah dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kó ká orúnkún, kó fi gìgísẹ̀ ti ọwọ́ òun. Gìgísẹ̀ náà kò lágbára ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn itan, awọ ti dúdú bí ẹni da aró sí i.

"Ṣé o gbọ́ ìró kankan nígbà tó mú ẹ?"

"Rárá, mà."

Kóòṣì yíjú sí Ìyá Àgbà, ó bi í bí ẹni méjì ṣe ń na àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ìyá Àgbà ní iṣẹ́ òun láti ogójì ọdún nìyẹn: ọ̀kan á fà, èkejì á dì í mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni itan, mà. Bí èèyàn bá ń sáré, iṣan iwájú á ju ẹsẹ̀ síwájú, ti ẹ̀yìn á máa dì í mú kó má baà lọ jù kó tó tẹlẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn yẹn ń gùn, ó sì ń fa ẹsẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ló ti máa ń já. Èyí tó bá ti já, a kì í fà á, a kì í fi omi gbígbóná sí i."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi etí ìró nu òrí kúrò, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Èmi ni mo fà á já," ló wí.

Kóòṣì ní òun kò tíì lè sọ. Iṣan tó bá já lórí eré sábà máa ń dún; bí èyí kò bá dún ní pápá, ó lè jẹ́ ọwọ́ tó ń fà á ló kàn pa á lára. Òun kò ní yọ orúkọ Lubabah kúrò nínú àwọn tí yóò sáré títí di Sátidé.

Kí Lubabah sáà dákẹ́ ló kù. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ń bẹ Kóòṣì, obìnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ, pé kó má bínú, pé àìmọ̀ ni.

"Ó dún," ni Lubabah wí sínú ẹní. "Ní pápá, lọ́jọ́ Ajé. Ó dún pó. Ó ti já kí n tó délé, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà béèrè ìdí tó fi pè é ní pajápajá.

"Nítorí wọn kì í yọ orúkọ ẹni tí pajápajá mú."

Ìyá Àgbà rọra gbé irọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ náà, kò fọwọ́ kan itan. Kóòṣì mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wo Lubabah, kò tíì tẹ nǹkan kan.

"Ẹ yọ orúkọ náà, mà," ni Lubabah wí.