Èènì Tí Delbert Fi Sí Ilé Onítáyà

Ẹ̀yìn abà Delbert Rusk ní Idaho ni ilé onítáyà náà, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà kiri, wà láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ewé igi páínì ti bo òrùlé rẹ̀, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, eku sì ti bímọ sórí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní làákàyè á kàn sọná sí i ni. Àmọ́ Verlin Haugstad, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó rẹ̀, ń yí i ká, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

"Ardis, wo irin abẹ́ rẹ̀! Kò tíì jẹrà rárá. Táyà ló kù, mo sì ti kó táyà dání. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, inú èyí la máa sùn létí òkun."

"Ìwọ àti eku," ni Ardis ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Nígbà ooru tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Verlin ṣìnà lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré. Lẹ́ẹ̀kejì, àárín oko olóko ni wọ́n ti bá a, ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń dúró kí ọ̀nà wá bá òun. Dókítà kò fi bò fún Ardis: tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wo ẹni tí wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o! Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kó gẹdú sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè Montana, tí kò forí ọkọ̀ kan sọ ọkọ̀ mìíràn rí. Ardis kò sọ fún àwọn ọmọ. Ó kàn dá a sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òní lòun máa mọ̀. Bí Verlin bá fa ilé yìí láti Idaho, tó gun òkè ààlà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ilé wọn ní Montana láyọ̀, òun á panu mọ́. Bó bá ṣe àṣìṣe kan péré, òun fúnra òun ló máa gba kọ́kọ́rọ́.

Ló bá di ẹ̀ṣọ́ lórí ọkọ ara rẹ̀. Ó wò ó bó ṣe pààrọ̀ táyà, tó fọ bíréèkì ilé náà, tó so wáyà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ó wò ó bó ṣe gbé ẹnu ilé náà, irin iwájú tí wọ́n fi ń fà á, ka orí bọ́ọ̀lù irin ìdí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó tì í pa, tó tún fi jáàkì gbé e sókè kó lè mọ̀ bóyá ó dì mọ́ ọn lóòótọ́. Ó wò ó bó ṣe gbé ṣéènì méjèèjì kọjá lórí ara wọn nísàlẹ̀, kí wọ́n lè gba ẹnu ilé náà dúró bó bá yọ. Verlin kò gbàgbé ẹyọ kan.

Wàyí o, ní àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó máa tajà fún ọ tó máa jẹ́ kí o lọ láìsí èènì. Ìtìjú gidi ni. Delbert ti fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti sítóòfù onírin kan dé, irú èyí tí wọ́n ń ki igi sí, àti àpótí irinṣẹ́ tó ju agbára ọkùnrin kan lọ.

"Màdámù, níbo ni kí n kó o sí?"

Verlin ń dán iná ẹ̀yìn wò lọ́wọ́, ojú Ardis sì wà lára rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ yẹn náà ti tó," ló wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn pátápátá sì ni ẹnu ọ̀nà ilé náà wà.

Wọ́n gbéra. Píkọ́ọ̀pù ń kérora gun òkè, Verlin ń súfèé. Gbogbo kọ́nà ló mọ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn tí ọkọ̀ wọn ti dojú dé níbẹ̀, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé góńgó, tí wọ́n kọjá sí Montana, Ardis mí kanlẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kọ́kọ́ fa ìdí ọkọ̀ díẹ̀, bí ọmọdé tó fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Ó tún fà á. Ardis wo dígí, ó rí i tí ilé náà fì sósì, tó fì sọ́tùn-ún, tó tún fì sósì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Imú píkọ́ọ̀pù náà ti ń jó sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún wọn, ọkọ̀ agbégẹdú kan sì ń gòkè bọ̀ níwájú, ó ń fun fèrè kíkankíkan.

"Bíréèkì, Verlin! Tẹ bíréèkì!"

"Dákẹ́, Ardis," ni Verlin wí, ohùn rẹ̀ tutù.

Ohun tí Ardis ní kó ṣe yẹn gan-an ló ń pa àwọn òpè lórí òkè náà. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹrù ẹ̀yìn kò dúró, ẹrù á yí po bá ọkọ̀. Verlin gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré. Kò bá sítíárìn jà, ó kàn dì í mú ṣinṣin, ó sì nawọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí irin kékeré tó ń mú bíréèkì ilé náà nìkan wà, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ gẹdú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fìà. Ilé náà fì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún fì díẹ̀, ó sì tọ́ sẹ́yìn wọn bí àgùntàn tí wọ́n nà. Verlin yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa iná ọkọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ta ló kó irin síbí?"

Ardis sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí Delbert gbé e síbẹ̀."

"Ìwọ? Ìyàwó awakọ̀ látọjọ́ yìí! Iwájú ni wọ́n ń di ẹrù sí, Ardis. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ilé á máa fì. Àbí owó ìbánigbófò mi lo ń wá ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ti Ardis fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Òun tó ń ṣọ́ni ló ṣe àṣìṣe, ẹni tí òun ń ṣọ́ ló gba ẹ̀mí àwọn méjèèjì là. Wọ́n jọ wọ́ sítóòfù àti àpótí síwájú, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń bú Delbert àti èènì rẹ̀. Ardis ti pinnu pé òun kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Verlin pa ilẹ̀kùn. Ó fi apá aṣọ nu fèrèsé kan, ó yọjú wo inú, ó rìn yí ilé náà ká.

"Ó dáa o," ló wí. "Wọ́n kàn pa á tì ni. Ta ló ni ín?"

Aláwàdà ni Verlin. Ardis rẹ́rìn-ín, ó sì ń dúró de tirẹ̀. Verlin kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú ṣéènì.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹnì kan so ilé onílé mọ́ ọkọ̀ mi, kò tiẹ̀ bi mí. Èmi kì í ṣe olè, Ardis."

Ó ti tú ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìkejì; lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ilé náà nìkan ló kù tó máa ṣí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n wà. Bí ilé náà bá já, inú ọ̀gbun ló ń lọ, Verlin sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ardis kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Tiwa ni, Verlin. Àárọ̀ yìí la rà á."

Verlin wo ṣéènì. Ó wo gíríìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ardis rí i bó ṣe ń wá àárọ̀ náà kiri nínú orí rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí Verlin wá a tì.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi," ni Ardis wí.

Ó ti múra sílẹ̀ fún ìjà. Verlin ki ọwọ́ bàpò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì pa ìka ìyàwó rẹ̀ dé lé e lórí.

"Láti ìgbà ooru ni mo ti ń retí kí o gbà á," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí. N kò kàn lè gbé e sílẹ̀ fúnra mi ni."

Ardis so ṣéènì padà, ó fà á wò, ó tún fà á. Kò fi ọkọ̀ fa nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó gun orí àga awakọ̀, Verlin sì wọlé láti òdìkejì, ó di bẹ́líìtì.

"Jíà kejì," ni Verlin wí. "Rọra. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, má ṣe tẹ bíréèkì o. Irin kékeré yẹn ni kí o fà, mo wà níbí."

Omijé kò jẹ́ kí Ardis rí ọ̀nà dáadáa. Ó nu ún nù, ó fi ọkọ̀ sí jíà kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.