Mọ́tò Kan Ṣoṣo fún Ẹ̀rọ Méjì

Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí Gbóyèga ti mọ Àbúdù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló parọ́ fún un, orí fóònù ló sì ti pa á. Àbúdù bi í láti Ṣakí pé ṣé àgbá àwọn ṣì ń yí. Gbóyèga ní, "Ó ń yí." Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Oliha ní Bìní, ó ń wo tapólì tó fi bo ẹ̀rọ méjèèjì láti ọdún kan ààbọ̀.

Òkúta ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe òkúta ilé kíkọ́ o, àwọn òkúta aláwọ̀ tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Òkè-Ògùn ni, tí Àbúdù máa ń kó wá sínú àpò nígbàkigbà tó bá lọ sílé. Ẹ̀rọ kìíní ní ayùn tó rí roboto bí àwo, òun ni Gbóyèga fi ń la òkúta. Ìkejì jẹ́ àgbá rọ́bà tó ń yí lórí irin méjì. Àbúdù á da òkúta sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi àti iyanrìn líle, á fi í sílẹ̀ kó máa yí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, títí ara òkúta á fi máa dán. Ìlẹ̀kẹ̀ àti ojú òrùka ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Àgbá yẹn kì í sinmi. Lórí ariwo rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, lórí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣàwàdà. Bí Àbúdù bá ń kírun, Gbóyèga á pa ayùn tirẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́, àgbá nìkan ni yóò máa kùn.

Àìsàn ló yà wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún Àbúdù kọ̀, kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sílé ní Ṣakí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sì jó mọ́tò ẹ̀rọ méjèèjì. Mọ́tò tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ kiri ìlú, èyí tó wà nídìí ẹ̀rọ, tó ń mú un yí, ni. Gbóyèga kò wá òmíràn. Ó fi tapólì bò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn irọ́ náà ló ká tapólì kúrò. Ó kọ́kọ́ gbé àwọn mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Bìní kan tó máa ń tún wáyà inú mọ́tò yí. Ọkùnrin náà tú wọn, ó mi orí, ó ní wáyà wọn ṣeé yí, ṣùgbọ́n irin àárín wọn ti jẹ tán, wọn kì í sì í ṣe irú wọn mọ́. Gbóyèga wọn bí ọ̀pá mọ́tò ṣe nípọn tó, ó wọn àlàfo àárín ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí bóòtù ń gbà dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà, ó ti bébà bọ àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ó ra mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ kan. Ìyẹn sáré jù. Bó ṣe tan iná sí i báyìí, àgbá fò kúrò lórí irin, ó yí gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì. Wọ́n ní obìnrin kan ní Ekiadolor fẹ́ ta ẹ̀rọ tó fi ń po oúnjẹ adìẹ, ó lọ síbẹ̀. Mọ́tò tó bá níbẹ̀ tóbi tó orí màlúù. Gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń rí ohun tí Àbúdù ì bá fi rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbi fóònù, á sì rántí pé kò sí bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ láì jẹ́wọ́.

Níkẹyìn, ó dé ọ̀dọ̀ Sùlè, ọmọ Ìwó kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ní Airport Road. Sùlè ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Bàbá fún òun ní àsìkò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kó tó pè é. Ó ti rí mọ́tò kan lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan. Gbóyèga wọ̀n ọ́n síhìn-ín, ó wọ̀n ọ́n sọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó wá béèrè ìkejì.

Sùlè ní, "Ẹyọ kan ló wà, Bàbá. Mo ti tú gbogbo ẹrù, mi ò rí òmíràn."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sáàárín ẹ̀rọ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. Ayùn ni iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ó de mọ́tò náà mọ́ ayùn, ó la òkúta kan. Òkúta náà pín sí méjì, inú rẹ̀ pupa fòò, pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó yíjú sẹ́yìn láti fi han Àbúdù, kó tó rántí. Ó gbé òkúta náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà, ó tú mọ́tò kúrò lára ayùn, ó dè é mọ́ àgbá.

Ọjọ́ kẹta tí àgbá ti ń yí ló pe Ṣakí.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. Àgbá ò yí nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu Àbúdù mọ́ láti ìgbà àìsàn rẹ̀. Gbóyèga dúró dè é.

"Mo mọ̀," ni Àbúdù wí. "Ó pẹ́ tí o ti ń pè mí láti ṣọ́ọ̀bù, mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ohùn ẹ. Mo ní kí n bi ọ́, bóyá wàá sọ."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

"Èmi tí mo fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣé èmi ni màá tún bá ọ wí?"

Gbóyèga gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ àgbá kí Àbúdù lè máa gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó fi í síbẹ̀ títí owó fi tán lórí fóònù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di àgbá náà sínú àpò, tòun ti mọ́tò rẹ̀, ó gbé e dé Ṣakí. Àbúdù ti rù. Ọwọ́ òsì ló fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ òsì náà ló fi ń yẹ mọ́tò náà wò, tó ń béèrè ibi tó ti wá. Gbóyèga sọ gbogbo ìrìn rẹ̀ fún un. Nígbà tó dórí àgbá tó yí lọ sí títì, ẹ̀rín pa Àbúdù títí omi fi jáde lójú rẹ̀, nígbà tó yá, kò dà bí ẹ̀rín nìkan mọ́. Ọjọ́ méje ni Gbóyèga lò. Àbúdù ń fi ọwọ́ òsì bu òkúta sínú àgbá díẹ̀díẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, Gbóyèga ní kó jẹ́ kí àwọn jọ padà sí Bìní.

"Ilé ni mo wà yìí, àbúrò," ni Àbúdù wí. "Ìwọ náà, máa bọ̀ nílé."

Gbóyèga fi àgbá àti mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì wọ ọkọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Bìní ló ti kọ́lé, ibẹ̀ ló sin ìyàwó rẹ̀ sí, Pijin sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń dá a lóhùn bó bá sọ Yorùbá sí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ gba Ìsẹ́yìn kọjá, ó wo òde láti ojú fèrèsé, kò ní kí awakọ̀ dúró.

Wọ́n dúró ní Ọ̀rẹ. Obìnrin kan ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, Gbóyèga na ọwọ́, ó ní kó fún òun ní méjì. Ìgbà tó wọ ọkọ̀ padà ló rí i pé méjì lòun rà, bíi pé Àbúdù jókòó ti òun. Ó jẹ ọ̀kan. Ó mú ìkejì dání, ó gbóná wọ ọwọ́ rẹ̀ láti inú bébà, títí tó fi tutù kí wọ́n tó wọ Bìní.