Iṣu Tuntun Ilé Bàbá Zacchaeus

Ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Àbújá, tí mo wá ṣí ilé oúnjẹ sí abẹ́ òkè ní Ọ̀kà, ohun tí ilẹ̀ Àkókó bá mú jáde lásìkò rẹ̀ nìkan ni mò ń sè: olú nígbà òjò, ìgbín, irú tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Limota ń ṣe ní Ìkàrẹ́. Àwọn àlejò ń ti Àkúrẹ́ wá jẹ oúnjẹ kékeré nínú àwo ńlá. Àwọn ẹbí mi ní oúnjẹ ẹyẹ ni mò ń tà. Ó ń dùn mí.

Mo ti sọ fún ara mi pé bí àsè iṣu tuntun ọ̀la bá bàjẹ́, mo máa ti ilẹ̀kùn pa, mo máa padà sí Àbújá. Iṣu Bàbá Zacchaeus, àgbẹ̀ kan ní Ìfira, ni mo ṣèlérí fún àwọn àlejò, torí tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbó.

Nígbà tí mo débẹ̀, iṣu ti wà nílẹ̀ lágbàlá, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní ká máa kó o sínú ọkọ̀. Bàbá Zacchaeus mirí.

"Yèyé ò tíì tọ́ ọ wò."

Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Tiwọn ta, wọn ò tiẹ̀ tíì lè jẹ ẹ́. Onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé yẹn o, ṣùgbọ́n iṣu tuntun kì í jáde níbẹ̀ àfi tí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé bá ti fi kan ẹnu. Yèyé, ìyá Bàbá, ló dàgbà jù, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń kọ oúnjẹ.

"Ẹ jẹ́ kí n sè é fún wọn," mo ní.

Mo sun iṣu, mo ha á, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi epo àti irú tò ó sí àárín àwo. Yèyé wò ó títí.

"Ta ló jẹ ẹ́ kù?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ agbára ẹ̀ ò sí. Mo padà sídìí iná, mo se òmíràn, mo ta epo sí i, mo gbé e wá, mo sì dúró tì wọ́n bí mo ṣe ń dúró ti àlejò. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n fi sílẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? O ti jẹun?"

"Mò ń tọ́ ọ wò bí mo ṣe ń sè é, Yèyé."

"Ìtọ́wò lásán."

Wọ́n di ojú wọn.

Mo gbé àwo jáde. Bàbá Zacchaeus dìde lórí àpótí.

"Wọ́n jẹ ẹ́?"

Èmi àti Yèyé nìkan la jọ wà nínú yàrá, kò sẹ́lòmíì tó rí i. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣu á wọ ọkọ̀, ilé oúnjẹ mi ò sì ní kú. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Bàbá, mo rí i pé kì í ṣe iṣu ni wọ́n ń bi mí. Ìyá wọn ni.

"Rárá, Bàbá. Wọn ò jẹ ẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, mo sunkún bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni ohùn Yèyé jáde látinú yàrá.

"Ọmọ tó dáná yẹn, ṣé ó ti lọ?"

"Ó wà níbí, Yèyé," Bàbá dáhùn.

"Kó gbé iṣu náà padà wá. Kó sì jókòó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun nígbà tí èèyàn dúró lé mi lórí?"

Mo wọlé, mo jókòó lórí ẹní, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yèyé bu iṣu díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bu òmíràn, wọ́n nà án sí mi. Ó ti tutù, ó sì dùn. Mi ò rántí ìgbà tí mo jókòó jẹ ohun tí mo sè kẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu sínú ọkọ̀ níta. Ó yẹ kí n lọ bá wọn kó o, iṣẹ́ ọ̀la ń dúró dè mí. Mo tún gba òmíràn lọ́wọ́ Yèyé.