Ohun Tí Wọ́n Ní Kí Morádéyọ̀ Kọ

"Ṣé ìṣèlú wà nínú ẹ̀ àbí kò sí?" Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọdúnlámì, ju bébà funfun kan síwájú Morádéyọ̀. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, Màdáàmù. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á jókòó ní aago méjì."

Eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń di ẹyẹ nígbàkígbà tí ọ̀gá wọn bá kó wọn lọ sóko rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kíláàsì karùn-ún, kíláàsì Morádéyọ̀, kọ̀, wọn ò lọ ṣa ẹyìn lóko Ọdúnlámì lọ́nà Ìkọ̀yà. Catherine ló ṣáájú wọn. Ọdúnlámì ní eré náà ló kọ́ wọn. Bí Morádéyọ̀ bá kọ ọ́ pé eré náà ń kọ́ ọmọ lọ́tẹ̀, wọ́n á lé Catherine.

Ó rẹ Morádéyọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kọ́ ọmọ ní Òkìtìpupa, ó ku méjì kó fẹ̀yìn tì. Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́: ohun tó gbé e débẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ọmọ náà.

"Ṣé eré yẹn ló ní kí ẹ má lọ?"

Catherine mi orí. "Rárá, mà. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún Jésùtómi kíláàsì wa lójú lóko. Ojú náà ò tíì ríran dáadáa. Àwọn ọmọ inú eré fò lọ ní tiwọn. Àwa ò lè fò, mà, la ṣe kàn jókòó."

Nígbà tó lọ tán, Morádéyọ̀ mú bírò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ orúkọ àwọn tó ń lọ sóko. Ó kọ orúkọ Jésùtómi, ó kọ ọjọ́ tí ẹ̀gún gún un, ó sì kọ ọ́ pé òun ló ní kó lọ sóko. Ó buwọ́ lù ú.

Ọdúnlámì kà á lójú ìgbìmọ̀. "Eré ni mo ní kí ẹ kọ nípa ẹ̀. Ta ló bi yín léèrè ojú ọmọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà."

Bàbá Philemon, àgbà ìgbìmọ̀, gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò lé Catherine. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé Morádéyọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Osooro.

Nínú takisí lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, ó gbé orí ti fèrèsé, àárẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Kò tíì mọ̀ bóyá ìṣèlú wà nínú eré náà. Ohun tó ń rò ni gbogbo ọjọ́ Ajé tó ti dúró níwájú kíláàsì, tó ń pe orúkọ, tí ogójì ojú ń wò ó.